Ojú Kan fún Ènìyàn Mẹ́tàlélógójì

Ọlọ́run nìkan ló mọ ìdí tí Ó fi fún àwọn kan ní ohùn tó tóbi ju ọ̀rọ̀ inú wọn lọ. Lára irú wọn ni Báyọ̀dé Adégbìtẹ́, ẹni tó ṣe olùdarí Ilé-Ẹ̀kọ́ Àgbà Ìtànṣán ní Ìdímù fún ọdún méje gbáko. Mo pe orúkọ rẹ̀ báyìí nítorí pé èmi àti ẹ̀yin nìkan la jọ wà níbí. Ká ní ó wà nítòsí ni, mi ò jẹ́ dán an wò. Ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ni “Olóyè Dókítà Báyọ̀dé Adégbìtẹ́, Olùdarí Àgbà Pátápátá.” Ilẹ̀kùn náà kò fẹ̀ tó, ìdí nìyẹn tí “Pátápátá” fi bọ́ sórí ògiri.

Ti Olóyè, kò sí ẹni tó mọ ìlú tó fi í jẹ. Ti Dókítà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí kò sí níbì kankan àfi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló fún un, láàárín ọjọ́ mẹ́rin, Sátidé àti Sọ́ńdè sì wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń darí kò ju yàrá mẹ́ta lọ, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù símẹ́ǹtì kan lójú ọ̀nà Ìkòtún. Àwọn àgbà tí ayé kò jẹ́ kí wọ́n rí ilé-ìwé lọ ní kékeré ló ń wá síbẹ̀: káfíńtà, aránṣọ, gbálẹ̀gbálẹ̀, àwọn tó ń ṣa ike àti irin ní ààtàn Igando, àti ìyá arúgbó kan láti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ-funfun tó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun ka Sáàmù kí òun tó kú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń péjọ. Olùkọ́ wọn ni Mubarakah, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo. Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì ló fi ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n bí kíláàsì bá ti tán, á tún ka gbogbo ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sórí wásáàpù fún àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá. Ẹni tó ń ta ike ní Akówonjo á gbé fóònù sétí, á máa pe “ba, be, bẹ, bi” tẹ̀lé ohùn rẹ̀ láàárín oníbàárà kan sí èkejì. Kò sí ẹni tó pe èyí ní ohun ìyanu. Wọ́n kàn ń ṣe é ni.

Báyọ̀dé ní tirẹ̀ kì í wọ kíláàsì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa dé, kó sì máa lọ. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ti fun fèrè lẹ́nu géètì, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dìde kí wọ́n wí pé, “Ìmọ̀ dé, òkùnkùn sá.” Bó bá ń lọ, wọn á tún dìde, wọn á ní, “Ìmọ̀ ń lọ, kó tètè dé.” Akọ̀wé rẹ̀, Godswill, ló kọ gbólóhùn méjèèjì. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti bí Godswill, ṣùgbọ́n bó bá ń fi Yorùbá pọ́n ọ̀gá rẹ̀ lé, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ gan-an á máa wo ẹnu rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé bí ọ̀gá bá sín, ọgbọ́n ló ń tú ká. Ọ̀gá rò ó wò, ó sì gbà pé òótọ́ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú nìyí. Àjọ Ìmọ̀-Kò-Gbọ́jọ́-Orí, tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, pe àwọn olùdarí rẹ̀ sí ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí bí ẹ̀rọ ayélujára ṣe ń yí ẹ̀kọ́ àgbà padà. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ lè gbé ẹ̀kọ́ lọ bá ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ ti dè mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má kúrò nídìí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́kọ́ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Báyọ̀dé kò gbọ́ apá tó kẹ́yìn yìí nítorí pé oúnjẹ ọ̀sán ti dé. Ohun méjì péré ló gbé bọ̀: tábúlẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fún olùdarí kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀rọ̀ kan, “dígítà.”

Ó pe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ. Ó fi ọwọ́ kan gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà sókè, ó fi èkejì tún fìlà ṣe.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ó ní, “láti òní lọ, ṣọ́ọ̀kì ti kú. Èmi ni mo pa á, èmi náà ni mo sin ín. Ẹ̀rọ ni yóò mọ̀ yín, ẹ̀rọ ni yóò kọ́ yín, ẹ̀rọ ni yóò dán yín wò, ẹ̀rọ ni yóò fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Bí ẹ bá ti rí ẹ̀rọ, èmi lẹ rí.”

Godswill pàtẹ́wọ́, àwọn tó kù náà sì pa á. Ẹ má dá wọn lẹ́bi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹlòmíràn kì í jiyàn ìró àtẹ́wọ́.

Àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Ó ní kí wọ́n yọ pátákó kúrò lára ògiri. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí gọ́tà ẹnu géètì kí mọ́tò rẹ̀ lè máa gba orí rẹ̀ kọjá. Ó ní kí ẹ̀ṣọ́ máa tú àpò gbogbo ẹni tó bá ń wọlé, kí ṣọ́ọ̀kì má bàa yọ́ wọ inú ọgbà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ṣọ́ gba ẹfun lọ́wọ́ ìyá kan tó rà á fún ọmọ rẹ̀ aboyún. Lẹ́yìn náà ló wá pàṣẹ èyí tó burú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dùn mọ́ ọn nínú jù. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán òun kó ga bí ilẹ̀kùn, kí wọ́n fi férémù aláwọ̀ wúrà sí i, kí wọ́n gbé e kọ́ sẹ́yìn àga tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jókòó lé bó bá dojú kọ ẹ̀rọ, kí wọ́n sì tan iná sí i lórí. Ó ní òun fẹ́ máa súre fún wọn láti ẹ̀yìn.

Ìdíátù ló kọ́kọ́ jókòó síwájú ẹ̀rọ. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ti tó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ó sì ń gbálẹ̀ ní ilé-ìwòsàn aládàáni kan. Ọ̀gá tuntun tó dé síbẹ̀ ti sọ pé bí oṣù kọkànlá bá ti parí, gbálẹ̀gbálẹ̀ tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí pé òun lè kàwé kò ní fọwọ́ kan ike oògùn ìnulẹ̀ mọ́, nítorí pé ẹnì kan ti da irú méjì pọ̀, èéfín rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ìdíátù kò bínú sí òfin náà. Òun gan-an ni èéfín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Oṣù mẹ́sàn-án ló ti fi tẹ̀lé Mubarakah, ó sì ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ike wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Ẹ̀rọ ya àwòrán rẹ̀, ó gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lójú ẹsẹ̀. Ogún ìbéèrè, ìṣẹ́jú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdíátù mọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ọṣẹ àti oògùn ìnulẹ̀ ti jẹ ìka rẹ̀ dé ibi pé ojú ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ènìyàn ń fọwọ́ kàn án. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ìṣẹ́jú ń lọ. Níkẹyìn, ohùn kan tó dà bíi ti ẹni tó ń ti imú sọ̀rọ̀ ní, “Ìdíátù, o gba mẹ́ta nínú ogún. O kùnà.”

Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó dìde fún ẹni tó kàn. Ràímì, káfíńtà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń pe tábúlẹ́ẹ̀tì ní wàláà òyìnbó, ló jókòó lé àga náà. Ẹ̀rọ ya àwòrán tirẹ̀, ó gba orúkọ tirẹ̀, ó wá ní, “Káàbọ̀, Ìdíátù. O ti ṣe ìdánwò yìí. O kùnà.” Ràímì fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé Ràímì ni òun, pé bàbá ọmọ márùn-ún ni òun, pé irùngbọ̀n nìyí. Ẹ̀rọ kò yí ohùn padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún gbogbo wọn títí ó fi kan ìyá aláṣọ-funfun. Ènìyàn mẹ́tàlélógójì jókòó, ẹ̀rọ pe gbogbo wọn ní Ìdíátù, ó sì já gbogbo wọn kulẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Godswill, ó ní bí dígítà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ojú kúrò bí Ìdíátù bá kí wọn. Wọ́n rò pé orí burúkú rẹ̀ ló ran àwọn. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́yìn.

Mubarakah ló mú un wọ ọ́fíìsì olùdarí. Ìdíátù kúnlẹ̀, ó bá ẹni tí òun fi ọdún mẹ́jọ jù lọ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fi ìwé àti bírò ṣe ìdánwò náà, nítorí pé oṣù kọkànlá kò jìnnà mọ́. Báyọ̀dé wò ó bí ẹni ń wo ilé láti inú ọkọ̀ òfuurufú.

“Màmá,” ó ní, “ẹ̀rọ kì í ṣìnà. Bí ẹ̀rọ bá ní o kùnà, lọ wádìí ara rẹ.”

Mubarakah wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ohun tó ti ń rò. “Ẹ má bínú sà, ó jọ pé àwòrán yín tó wà lẹ́yìn àga ni ẹ̀rọ náà ń rí. Ojú yẹn tóbi, iná sì wà lórí rẹ̀, kò rí ojú àwọn tó jókòó. Bí a bá gbé e kúrò níbẹ̀, ó máa ṣiṣẹ́.”

Godswill fi ọwọ́ bo ẹnu. Báyọ̀dé dìde, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó gba bíi ìdajì wákàtí, tí mi ò ní kó lé yín lórí. Kókó rẹ̀ ni pé àwọn kan wà tí ìmọ́lẹ̀ máa ń dùn lójú, pé ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ ojú olórí kúrò nínú ilé ń wá òkùnkùn ni, àti pé òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́kàn Mubarakah. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tí Godswill kọ sínú lẹ́tà náà ni “ìwà àtijọ́.”

Mubarakah kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di aago mẹ́rin ọjọ́ kejì, Ràímì ti gbé pákó mẹ́ta kalẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó ti fi èédú àti ewé kun ọ̀kan dúdú, ó sì ti ránṣẹ́ sí olùkọ́ pé kó máa bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lé e ní méjì-méjì, ní mẹ́ta-mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó ń dìde bí fèrè bá dún ní Ìtànṣán mọ́, nítorí pé kò sẹ́ni níbẹ̀.

Ẹ ó rò pé èyí á dun Báyọ̀dé. Rárá o. Ó ní ọgbà náà mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó kọ ìròyìn sí Àjọ pé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlélógójì ló ti bá ẹ̀rọ pàdé lójúkojú, pé kò sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà mìíràn ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ tó ṣe irú rẹ̀ rí. Ìròyìn náà dùn dé ibi pé Àjọ ní àwọn ń bọ̀ wá fojú ara àwọn rí i. Ibẹ̀ ni ìwọ̀nba òógùn ti kọ́kọ́ yọ lára Godswill. Ó rán ọ̀gá rẹ̀ létí pé akẹ́kọ̀ọ́ kò sí mọ́.

“Godswill,” Báyọ̀dé dá a lóhùn, “dígítà kò nílò ènìyàn.”

Obìnrin tí Àjọ rán wá ń jẹ́ Olúfúnmiláyọ̀. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe olùkọ́ kó tó wọ Àjọ. Bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀, ó sì ti fi ẹsẹ̀ rin gọ́tà ẹnu géètì kọjá kí wọ́n tó ráyè ṣí géètì fún mọ́tò tí wọ́n ń retí. Ó bojú wo pákó dúdú tó gbà kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka nù ún, ó sì rí “ba, be, bẹ, bi” tó ṣì hàn fírífírí lábẹ́ ipa táyà.

Báyọ̀dé kí i káàbọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó ti Ádámù bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ní kò rí ẹ̀rọ lò, ìdí nìyẹn tó fi ṣìnà. Godswill ń pàtẹ́wọ́ ní òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ìró àtẹ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo sì burú nínú yàrá tó ṣófo. Nígbà tó parí, Olúfúnmiláyọ̀ béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ kan lè fi ẹ̀rọ náà han òun. Báyọ̀dé ní kí nìdí tí a ó fi máa pe ẹja nígbà tí ẹni tó dá odò wà níbí. Ó ṣán aṣọ, ó jókòó lé àga, àwòrán rẹ̀ ń dán lẹ́yìn rẹ̀, ó sì na ojú sí ẹ̀rọ bí ẹni ń retí ìfẹnukonu.

Kò jókòó síwájú ẹ̀rọ náà rí láti ọjọ́ tó gbé e bọ̀. Kò sì nílò rẹ̀, ẹ̀rọ ti mọ̀ ọ́n.

“Káàbọ̀, Ìdíátù,” ohùn imú náà wí. “O ti ṣe ìdánwò yìí. O gba mẹ́ta nínú ogún. O kùnà.”

Báyọ̀dé rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ ń ṣeré. Ó ní òun ni Olùdarí Àgbà. Ẹ̀rọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ó bọ́ fìlà, ó tún na ojú sí i. Ẹ̀rọ tún un sọ. Olúfúnmiláyọ̀ ní kó jọ̀ọ́ dìde díẹ̀. Ó jókòó, ó ṣí àkójọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wálẹ̀. Ìdíátù, ojú Báyọ̀dé. Ràímì, ojú Báyọ̀dé. Ìyá aláṣọ-funfun, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ojú Báyọ̀dé, pẹ̀lú fìlà àti férémù. Orúkọ mẹ́tàlélógójì, ojú kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká fi tirẹ̀ fún un, ẹnu rẹ̀ kò tíì kú. Ó fọ ọ̀fun, ó ní, “Ohun tí èyí fi hàn ni pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi ló rí ara wọn nínú mi.”

Olúfúnmiláyọ̀ wo ojú rẹ̀, ó wo èyí tó wà lára ògiri, ó wá bi Godswill pé níbo làwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wà. Godswill bojú wo ọ̀gá rẹ̀, ó bojú wo bàtà pẹlẹbẹ obìnrin náà. Ọdún méje ló ti fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. “Mà,” ó ní, “wọ́n wà ní ìsọ̀ káfíńtà. Èmi á mú yín débẹ̀.”

Wọ́n bá wọn lẹ́nu ẹ̀kọ́ láàárín fùlùfúlù igi. Fóònù mẹ́ta dúró ti agolo àtè, ohùn Mubarakah ń gba inú wọn lọ bá àwọn tó wà ní Akówonjo àti Igando, àwọn yẹn náà sì ń dáhùn. Ìdíátù wà ní iwájú lọ́jọ́ náà, ó di ike oògùn ìnulẹ̀ kan mú, ó ń ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè fún gbogbo wọn: kí a má ṣe dà á pọ̀ mọ́ òmíràn, kí a ṣí fèrèsé. Kò dúró nígbà tí àlejò wọlé, nítorí pé kò fẹ́ sọ ibi tó kà á dé nù. Báyọ̀dé dúró lẹ́yìn, ó ń retí kí wọ́n dìde. Ó ń retí di ìgbà tí ẹ̀kọ́ parí.

Àjọ kò fi ọ̀rọ̀ náà jáfara. Wọ́n ní kí Báyọ̀dé kọ́kọ́ lọ jókòó sílé ná. Mubarakah padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Kò ju ẹ̀rọ náà nù. Ó gbé àwòrán kúrò, ó forúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́tun, Ràímì sì gbẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi fóòmù díẹ̀ tí wọ́n rẹ sómi sí ẹnu rẹ̀, fún àwọn tí iṣẹ́ ti jẹ ìka wọn. Ẹ̀rọ mọ igi náà dáadáa. Ìdíátù gba mẹ́rìndínlógún nínú ogún. Ó mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí oṣù kọkànlá ku ọjọ́ mẹ́fà, ojú tirẹ̀ sì ni ojú tó wà lára rẹ̀, ó le koko, bí ojú ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ tó sì ti rí i gbà padà.

Nígbà tí Àjọ wá wádìí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó sọ Báyọ̀dé di dókítà, ojú-ewé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń ta bàtà. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ géètì.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Báyọ̀dé wá kó ẹrù rẹ̀. Kò fun fèrè. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó gbé àwòrán rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán náà kò gba inú mọ́tò, nítorí náà ó fi í ti géètì, ó ń rò ó bóyá kí òun gé férémù. Ibẹ̀ ni Ìdíátù bá a, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí i bó ṣe máa ń kí i. Lẹ́yìn náà ló rí ìwé tuntun lára géètì. Láti ìgbà tó ti mọ̀wé, kò sí ohun tí wọ́n kọ tó lè kọjá lójú rẹ̀ láìkà á: orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ara mọ́tò, ike omi. Kọ̀ǹpútà Àjọ kò ní àmì ohùn, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ó na ìka sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

“Ọ̀-gbẹ́-ni Bá-yọ̀-dé A-dé-gbì-tẹ́.” Ó bojú wẹ̀yìn wò ó, inú rẹ̀ dùn pé orúkọ ẹni tí òun mọ̀ ni. “A ti yọ ọ́ kú-rò lẹ́-nu ì-ṣẹ́.”

Ó tún un kà lọ́kàn. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú oríire, sà.”

Báyọ̀dé lè dúpẹ́ kó máa lọ. Obìnrin náà kò ní mọ ohun tó wà nínú ìwé náà títí di ọ̀la. Ó wo ìka obìnrin náà tó ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ìka tó bó, tó ń dúró kó gbọ́ bóyá òun kà á dáadáa.

“Kì í ṣe ìṣẹ́, Màmá,” ó ní. “Iṣẹ́ ni. Ẹ má gbé ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Iṣẹ́.”

“Iṣẹ́,” Ìdíátù wí.

“Ẹ tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó rọra, ó sì kà á bó ṣe yẹ. Nígbà tó dé òpin, ó yọ ìka rẹ̀ kúrò lára ìwé náà. Báyọ̀dé ní ó péye. Ọdún méje ló fi ṣe olùdarí ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kọ́ ènìyàn níbẹ̀ nìyẹn.